Bí A Ṣe Ń Wá Àwo Orin Ìgbà 1960 Tí Kò Wọ́pọ̀, Bí A Ṣe Ń Kà Á, àti Bí A Ṣe Ń Jíròrò Rẹ̀

Ìbéèrè mẹ́ta ni àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ nífẹ̀ẹ́ sí àwo àtijọ́ máa ń bi mí jù: níbo ni a ti ń rí àwo kékeré ìgbà 1960 tó yàtọ̀ sí èyí tí gbogbo ayé ti mọ̀, báwo ni a ṣe ń mọ ọdún tó jáde nígbà tí kò sí ọdún kankan lára rẹ̀, àti kí ni a lè sọ nípa rẹ̀ lójú àwọn tó mọ̀ ọ́n tí wọn kò ní já wa nírọ́. Ìtọ́sọ́nà yìí dá lórí àwo júújú, àpàlà, sákárà àti háíláìfù tí wọ́n gbà sílẹ̀ fún àwọn ọmọ Yorùbá láti 1960 sí 1969, pẹ̀lú díẹ̀ lára ti àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ sóòlù àti póòpù ní Èkó àti Ìbàdàn nígbà tí àsìkò náà ń lọ sópin. N kò ní pìtàn. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú kí ẹ tó ka ìyókù ni pé kí ẹ ka àwo kí ẹ tó gbọ́ ọ, kí ẹ sì kọ ohun tí ẹ kà sílẹ̀ kí omi tàbí abẹ́rẹ́ tó kàn án. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń fọ ẹ̀rí dànù kí wọ́n tó mọ̀ pé ẹ̀rí ni.

Kí ẹ tó náwó, ẹ pààlà

Ẹni tó bá ní gbogbo àwo ìgbà 1960 ni òun ń wá yóò kó pàǹtí jọ. Ẹ mú ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà wọ̀nyí, kí ẹ sì dúró lórí rẹ̀ títí ojú yín yóò fi là:

- Ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo tó ń gbé àwo jáde, bíi Decca tàbí Philips ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tàbí Parlophone ti EMI, tàbí African Songs tí Olóyè Bọ́láńrìnwá Abíórò dá sílẹ̀.
- Irú orin kan, bíi sákárà Yusuf Olatunji àti S. Aka, tàbí àpàlà Haruna Ishola àti Ligali Mukaiba.
- Ẹgbẹ́ kan láti orúkọ kan sí òmíràn, bíi ti Fela láti Koola Lobitos títí ó fi di Nigeria 70.
- Ìlú kan. Èyí ló ṣòro jù, nítorí lébẹ́ẹ̀lì (ìwé róbótó tí wọ́n lẹ̀ mọ́ àárín àwo) kì í sábà sọ ìlú tí ẹgbẹ́ ti wá, ṣùgbọ́n òun ló ń mú àwo àìmọ̀ jáde jù.

Ẹ má ṣe rò pé olórin tí a kò mọ̀ nìkan ló ní àwo tó ṣọ̀wọ́n. "Salome" tí I. K. Dairo kọ ní 1962 kò ṣòro láti gbọ́ lónìí, ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ àwo kékeré tí Dairo kan náà ṣe, àwọn kan wà tó jẹ́ pé orúkọ wọn nìkan ló ṣẹ́kù lẹ́nu àwọn àgbà. Bákan náà, *Super Afro Soul* tí Orlando Julius gbé jáde lọ́dọ̀ Philips ní 1966 ti ní àtúntẹ̀, nítorí náà àwo ìpilẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ wọ́n lówó, àmọ́ orin inú rẹ̀ kò sọnù. Èyí tó yẹ kí ẹ sáré sí ni àwo tí orin inú rẹ̀ gan-an wà nínú ewu, bí ẹ̀dà yín tilẹ̀ họ.

Níbi tí àwo wà

Inú ilé àwọn èèyàn ni ibi àkọ́kọ́, lábẹ́ rédíógrámù tí kò ṣiṣẹ́ mọ́ tàbí nínú àpótí tí wọ́n gbé aṣọ lé lórí. Ọjà ló tẹ̀ lé e: àwọn tó ń ra ohun àtijọ́ àti àwọn tó ń ṣí ẹrù ilé tí wọ́n fẹ́ wó. Ṣọ́ọ̀bù bíi Jazzhole ní òpópónà Awólọ́wọ̀ ní Ìkòyí náà wà fún ẹni tó fẹ́ ríran kó tó ra nǹkan. Ẹ̀yin tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ má ṣe fojú fo ilé àwọn ìdílé tó wá kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ láyé ọjọ́un, nítorí pé Lọ́ńdọ̀nù ni Ambrose Campbell àti ẹgbẹ́ rẹ̀, West African Rhythm Brothers, ti gba orin sílẹ̀ fún Melodisc, ọ̀dọ̀ Melodisc náà sì ni Fela ti ṣe àwo àkọ́kọ́ rẹ̀ nígbà tó wà níléèwé níbẹ̀.

Bí ẹ bá ń lọ sí ilé ẹni tó ní àwo, ẹ gbé e gba báyìí:

1. Ẹ wá ẹni tí ilé mọ̀ kó mú yín wọlé. Àlejò tó bá dá wọlé tó ń béèrè àwo olóògbé, wọn á kọ́kọ́ rò pé gbèsè ló wá gbà.
2. Ẹ kí wọn dáadáa, kí ẹ sì ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ wò ó kí ẹ tó dárúkọ owó. Ọ̀rọ̀ bíi "Ẹ kú ilé o, Màmá. Wọ́n ní Bàbá fẹ́ràn orin púpọ̀ nígbà ayé wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè jẹ́ kí a wo àwọn àwo wọn, ká kàn wò wọ́n ná?" máa ń ṣílẹ̀kùn ju "Ẹ̀yin lẹ fẹ́ ta àwo?" lọ.
3. Ẹ ya àwòrán òkìtì náà bó ṣe wà kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Ètò tí oníǹkan tò ó sí lè jẹ́ ètò bó ṣe ń rà á, èyí sì lè ràn yín lọ́wọ́ nígbà tí ẹ bá ń wá ọdún.
4. Ẹ má ṣe rà á lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ogún ìdílé ni. Èyí tí ọmọ kan bá dá tà lẹ́yìn àwọn àbúrò rẹ̀ máa ń dá ìjà sílẹ̀, orúkọ yín ni wọn yóò sì máa pè níbi ìpàdé ẹbí.
5. Ẹ ṣèlérí ẹ̀dà orin náà fún wọn lórí fóònù, kí ẹ sì mú ìlérí ṣẹ. Ìdílé tó bá tún gbọ́ ohùn tí bàbá wọn máa ń jó sí ni yóò júwe ilé kejì fún yín.

Ìkìlọ̀ kan wà nípa àwo tó ní òǹtẹ̀ ilé-iṣẹ́ rédíò tàbí ti ilé ìkàwé lára. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan ti kó ti wọn dànù lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwo mìíràn wà tó jẹ́ pé ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ló gbà jáde. Bí ẹni tó ń tà á kò bá lè sọ bó ṣe dé ọwọ́ rẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀, bó ti wù kó ṣọ̀wọ́n tó.

Yíyẹ àwo wò lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á

Ẹ mú iná tọ́ọ̀ṣì kékeré, gíláàsì tó ń sọ nǹkan di ńlá, aṣọ rírọ̀ kan, ìwé àti bírò dání. Lẹ́yìn náà:

1. Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n fi ṣe é. Àwo 78 àtijọ́ (èyí tó ń yí ní ìgbà 78 ní ìṣẹ́jú kan) tí wọ́n fi ṣẹ́láàkì ṣe wúwo, ó sì le bí àwo ìjẹun tán-ń-ganran. Fáínìlì, irú ike kan, fúyẹ́ jù ú lọ, ó sì máa ń mì díẹ̀. Ẹ má ṣe tẹ̀ ẹ́ wò. Ṣẹ́láàkì kì í tẹ̀, ńṣe ló máa ń dá sí méjì.
2. Ẹ di etí rẹ̀ àti àárín rẹ̀ mú, kí ìka má kan ojú ibi tí orin wà.
3. Ẹ gbé e sókè ní ìbámu pẹ̀lú ojú yín bí ẹni ń wo pátákó bóyá ó tọ́. Bó bá wọ́ díẹ̀ tí kò sì ga gegele, ó ṣeé lò. Bí etí rẹ̀ bá ti ká bí ewé, abẹ́rẹ́ yóò máa fò.
4. Ẹ tan iná sí i láti ẹ̀gbẹ́. Ìlà tó ń dán tí èékánná kò kọ́ máa ń pariwo díẹ̀. Ìlà tí èékánná bá kọ́ ni yóò máa dún "kọ́, kọ́, kọ́" títí yóò fi kọjá.
5. Ẹ wá àwọ̀ eérú. Fáínìlì tó ṣì dára ń dán dúdú. Èyí tí wọ́n ti fi abẹ́rẹ́ tó ti kú lù, tàbí tí wọ́n gbé owó ẹyọ lé apá ẹ̀rọ rẹ̀ kó má bàa fò níbi àríyá, ìpa orin rẹ̀, ìyẹn ojú ọ̀nà tí abẹ́rẹ́ ń tọ̀, máa ń funfun bí eérú, pàápàá níbi tí ìlù ti dún kíkan. Ìfọ̀ kankan kò lè mú èyí padà. Mo ti rí àwo tí kò ní ìlà kan lójú tí ohùn inú rẹ̀ sì ti parẹ́ bí aṣọ tó ti ṣá. Àwo tó họ yánnayànna ṣùgbọ́n tó ṣì ń dán sàn jù ú lọ fíìfíì.
6. Ẹ wo ihò àárín. Àwọn kan ní ihò kékeré, àwọn kan ní ihò ńlá tó tó nǹkan bíi mìlímítà 38, èyí tó ń fẹ́ òrùka àárín kí ẹ tó lè lò ó. Bí ihò kékeré bá ti fẹ̀ nítorí lílò, orin yóò máa yí gọ́lọgọ̀lọ.

Àwọn olùkójọ kárí ayé máa ń lo lẹ́tà láti sọ bí àwo ṣe rí: M fún èyí tí ẹnikẹ́ni kò tíì lò, NM fún èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn náà VG+, VG, G+, G, títí dé P. Ẹ má ṣe jẹ́ kí lẹ́tà G ("good", ìyẹn dáadáa) tàn yín. Nínú ètò yìí, àwo tí wọ́n bá pè ní G ti jìyà gan-an. Ní tòótọ́, àwo kékeré tó jáde ní Èkó nígbà náà tó sì jẹ́ VG+ kò pọ̀, nítorí pé àwo ijó ni wọ́n, wọ́n sì fi jó. Bó bá jẹ́ àwo tí ẹ kò tíì rí rí, ẹ gba G+ kí ẹ má wo ẹ̀yìn. Bó bá jẹ́ èyí tó ń jáde lọ́jà lóòrèkóòrè, ẹ ní sùúrù.

Kíka lébẹ́ẹ̀lì àti wíwá ọdún

Ibí ni iṣẹ́ wà. Ọ̀pọ̀ àwo tí wọ́n ṣe fún ọjà wa nígbà náà kò ní ọdún lára, ẹni tó bá sì ń sọ ọdún kan pàtó láìfi ẹ̀rí hàn, àbá ló ń dá. Ẹ kọ́kọ́ kọ àwọn nǹkan wọ̀nyí sílẹ̀ lẹ́tà fún lẹ́tà, bí wọ́n ṣe wà, pẹ̀lú àṣìṣe wọn:

- Orúkọ ilé-iṣẹ́ àti àwọ̀ lébẹ́ẹ̀lì.
- Nọ́ńbà àwo. Nọ́ńbà Decca ti Nàìjíríà ìgbà náà sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú NWA.
- Orúkọ olórin àti ti ẹgbẹ́, orúkọ orin lójú méjèèjì, orúkọ ẹni tó kọ ọ́.
- Irú orin àti èdè, bí wọ́n bá kọ ọ́.
- Ibi tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́.
- Nọ́ńbà tí wọ́n họ tàbí tí wọ́n tẹ̀ sára àyè dídán tó yí lébẹ́ẹ̀lì ká. Ẹ óò nílò iná ẹ̀gbẹ́ àti gíláàsì. Nọ́ńbà yìí lè yàtọ̀ sí ti lébẹ́ẹ̀lì, òun ló sì ń fi ojú kìíní hàn yàtọ̀ sí ojú kejì nígbà tí wọ́n bá lẹ lébẹ́ẹ̀lì síbi tí kò yẹ.
- Ohunkóhun tí ẹnikẹ́ni fi bírò kọ: orúkọ oníǹkan, nọ́ńbà ẹni tó ń fi ẹ̀rọ háyà, ọjọ́ àríyá.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wá ààlà méjì: ọdún tí àwo náà kò lè ṣáájú, àti ọdún tí kò lè rékọjá. Àwọn àmì tó ń ràn mí lọ́wọ́ jù nìwọ̀nyí.

*Oyè àti orúkọ ẹgbẹ́.* Ọdún 1963 ni I. K. Dairo gba oyè M.B.E. ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí náà lébẹ́ẹ̀lì tó bá kọ oyè yẹn mọ́ orúkọ rẹ̀ kò lè ṣáájú 1963. Morning Star ni orúkọ tí ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́kọ́ jẹ́ kó tó di Blue Spots. Ọdún 1964 ni Ebenezer Obey dá International Brothers sílẹ̀. Inter-Reformers, tí ẹgbẹ́ Obey dà lẹ́yìn náà, jẹ́ orúkọ ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Sunny Ade wà pẹ̀lú Green Spots kó tó di African Beats. Fela Ransome-Kuti pẹ̀lú Koola Lobitos wà ṣáájú ìrìn-àjò tí wọ́n rìn lọ sí Amẹ́ríkà ní 1969. Aníkúlápó kò sí lára àwo kankan nínú ìgbà tí a ń sọ yìí. Bí ẹ bá rí orúkọ STAR gẹ́gẹ́ bí ilé-iṣẹ́, ẹ rántí pé 1969 ni Haruna Ishola àti Dairo jọ dá a sílẹ̀.

*Àdírẹ́sì.* Ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún 1967 ni ìjọba dá ìpínlẹ̀ méjìlá sílẹ̀. Àpò àwo tó bá kọ "Western State" tàbí "Lagos State" kò lè ṣáájú ọjọ́ yẹn. Èyí tó bá kọ "Western Region" sábà máa ń ṣáájú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra, nítorí pé oníṣòwò tó bá ní àpò àtijọ́ nílẹ̀ kì í jó o níná tìtorí pé ìjọba yí orúkọ padà.

*Owó.* Náírà bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1973. Iye tí wọ́n fi ṣílè àti kọ́bọ̀ àtijọ́ kọ fi hàn pé wọ́n ta ẹ̀dà náà ṣáájú ìgbà yẹn.

*Ọ̀rọ̀ inú orin.* Orin òmìnira 1960, orin nípa ẹ̀wọ̀n Awólọ́wọ̀ ní 1963 tàbí ìdásílẹ̀ rẹ̀ ní 1966, orin tó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ogun tó bẹ̀rẹ̀ ní 1967 dáwọ́ dúró: gbogbo wọn ní ààlà nínú. Èyí tó tún lágbára ni orúkọ àwọn tí wọ́n kì. Júújú, àpàlà àti sákárà kún fún oríkì olówó, oníṣòwò àti olóyè, àwo mìíràn sì wà tó jẹ́ pé orúkọ ẹni tí wọ́n kì gan-an ni wọ́n fi sọ ojú àwo. Bí wọ́n bá pe ẹnì kan ní olóyè nínú orin, ẹ wádìí ọdún tó joyè.

Ká ní lébẹ́ẹ̀lì kọ Blue Spots pẹ̀lú M.B.E., tí àpò rẹ̀ sì ní iye owó ní ṣílè. Ohun tí ẹ lè sọ láìṣèrú ni pé àwo náà jáde láàárín 1963 sí 1972. Bí Dairo bá wá mẹ́nu kan ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 1966 nínú orin, ẹ sún ààlà àkọ́kọ́ síwájú. Ẹ dúró níbẹ̀. Ẹni tó bá ti ibẹ̀ fò sí "1967 ni" ti kúrò nínú kíkà.

Bí wọn kò bá kọ irú orin sára rẹ̀, etí yóò sọ ọ́. Gójé àti ìlù sákárà kò fi ara pamọ́. Agídìgbo láìsí gìtá ń tọ́ka sí àpàlà. Gìtá pẹ̀lú gángan jẹ́ júújú, bí àkọ́díọ̀nù bá sì wọ inú rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ ronú nípa Dairo àti àwọn tó tẹ̀ lé e. Fèrè ńlá pẹ̀lú ìlù òyìnbó jẹ́ háíláìfù irú ti Victor Olaiya, Roy Chicago tàbí Eddy Okonta.

Fífọ àwo

Ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé ẹ ti ya àwòrán ojú méjèèjì.

1. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá eruku kúrò ní gbígbẹ, kí ẹ máa yí tẹ̀ lé ìpa orin, kí ẹ má ṣe gbá a dábùú.
2. Ẹ bo lébẹ́ẹ̀lì. Ìdérí ike róbótó méjì tó jù ú lọ díẹ̀ tó. Íǹkì lébẹ́ẹ̀lì ìgbà náà lè ṣàn bí omi bá kàn án.
3. Ẹ da ẹ̀kán ọṣẹ olómi méjì tàbí mẹ́ta sínú líta omi kan. Omi tí a sẹ́ láti inú oru ló dára jù, nítorí omi kànga àti omi ẹ̀rọ máa ń fi iyọ̀ sílẹ̀ sínú ìpa orin bó bá gbẹ.
4. Ẹ fi aṣọ rírọ̀ tí kì í tú òwú nù ún yípo, ẹ fi omi mímọ́ ṣàn án lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ sì gbé e nàró kó gbẹ níbi tí oòrùn kò dé.

Àwọn ìkìlọ̀ tí ẹ kò gbọ́dọ̀ fojú fò:

- Ẹ má ṣe fi sípíríìtì tàbí ohunkóhun tó ní ọtí nínú kan àwo ṣẹ́láàkì. Ọtí ń yọ́ ṣẹ́láàkì. Àwo yóò ràn mọ́ aṣọ yín lọ́wọ́, orin yóò sì lọ.
- Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣe bátìrì mọ́tò ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ra omi tí a sẹ́. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń ta ásíìdì, ike méjèèjì sì lè jọra. Ẹ ka ara ike kí ẹ tó sanwó.
- Kẹrosíìnì, epo bẹntiróòlù àti omi gbígbóná, ẹ má ṣe dán wọn wò.
- Bí ohun funfun bá ti hù lójú àwo láti inú àpò tó tutù, ìta ni kí ẹ ti gbọ̀n ọ́n, kí ẹ bo imú. Ẹ gbé àpò náà sọ́tọ̀ kó má bàa ran ìyókù.

Gbígbọ́ àti gbígbà sílẹ̀

Èyí kò le púpọ̀ bí irinṣẹ́ bá tọ́. Abẹ́rẹ́ àwo 78 nípọn ju ti àwo kékeré lọ ní ìlọ́po mẹ́ta: ìdá mẹ́ta nínú ẹgbẹ̀rún ínǹṣì ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́, nígbà tí ti àwo 45 olóhùn kan (mónò) jẹ́ nǹkan bí ìdá kan. Ẹni tó bá fi abẹ́rẹ́ kan náà gbọ́ méjèèjì ń ba ọ̀kan jẹ́. Ọ̀pọ̀ jù lọ àwo ìgbà náà jẹ́ olóhùn kan, nítorí náà bí ẹ̀rọ yín bá ní bọ́tìnì mónò, ẹ tẹ̀ ẹ́. Ariwo tó jẹ́ ti ẹ̀gbẹ́ kan yóò dín kù lójú ẹsẹ̀. Ẹ tún wo eré tí lébẹ́ẹ̀lì sọ, ìyẹn iye ìgbà tí àwo ń yí ní ìṣẹ́jú kan: 33, 45 tàbí 78. Àwo 45 tí ẹ bá gbé sórí 33 yóò sọ olórin di òmìrán.

Fún gbígbà sílẹ̀, ètò ọ̀fẹ́ bíi Audacity tó lórí kọ̀ǹpútà. Ẹ gbà á sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi WAV, kì í ṣe MP3 tó máa ń gé díẹ̀ kúrò nínú ohùn. Ẹ fi ẹ̀dà àkọ́kọ́ pamọ́ bó ṣe wà kí ẹ tó yọ ariwo kankan kúrò, nítorí pé ẹni tó ń yọ ariwo sábà máa ń yọ ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ fi nọ́ńbà àwo sọ fáìlì lórúkọ. Orin tí wọ́n gé sí méjì, tí apá kejì rẹ̀ wà lójú kejì, ẹ má ṣe so ó pọ̀ nínú ẹ̀dà ìpamọ́.

Títọ́jú

Ẹ to àwo nàró, kì í ṣe kí ẹ kó o lé ara wọn. Ìwọ̀n ara wọn ló ń fọ́ ṣẹ́láàkì ìsàlẹ̀. Ẹ gbé wọn kúrò lára ògiri tó ń mí omi nígbà òjò, ẹ bo pẹpẹ nígbà ọyẹ́, ẹ sì gbé ẹsẹ̀ pẹpẹ kúrò nílẹ̀ nítorí ikán. Ẹ má ṣe fi àwo sílẹ̀ nínú mọ́tò nínú oòrùn, kódà fún ìgbà tí ẹ fẹ́ ra búrẹ́dì. Ẹ pa àpò àtijọ́ mọ́ bó ti wù kó ya tó, kí ẹ gbé àwo sínú àpò tuntun, kí ẹ sì tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn.

Jíjíròrò àwo

Ìjà tó máa ń wà láàárín àwọn olùkójọ, ohun tó ń fa èyí tó pọ̀ jù ni pé ẹnì kan sọ ohun tó rò bí ẹni pé ó kà á. Mo máa ń rọ gbogbo ẹni tó bá ń kọ nípa àwo pé kí wọ́n fi ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ mẹ́rin ṣáájú gbólóhùn kọ̀ọ̀kan: *mo kà á*, *mo gbọ́ ọ*, *wọ́n sọ fún mi*, *mo rò ó*. Àpẹẹrẹ: "Mo kà á lára lébẹ́ẹ̀lì pé háíláìfù ni. Mo gbọ́ fèrè méjì àti gìtá kan. Ẹni tó ni àwo sọ fún mi pé ẹgbẹ́ náà máa ń ṣeré ní Múṣin. Mo rò pé ó ṣáájú ogun." Nígbà tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ta ko èyí, yóò mọ gbólóhùn tó yẹ kó dì mú, kò ní di ìjà àárín ẹni méjì.

Bí ẹ bá ń bi àgbà léèrè, ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Ọdún wo ni?" Àgbà tó fẹ́ tẹ́ yín lọ́rùn yóò dárúkọ ọdún kan ṣáá. Ẹ so ó mọ́ ìgbésí ayé wọn:

- "Bàbá, ṣé ẹ ti bí ọmọ yín àkọ́kọ́ nígbà tí àwo yìí jáde?"
- "Ilé wo lẹ ń gbé nígbà tí ẹ rà á?"
- "Ta ló ń gbé ẹ̀rọ wá sí àríyá nígbà náà?"
- "Ẹni tí wọ́n ń kì yìí, ọmọ ibo ni?"

Ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀ bí wọ́n bá gbà bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì má ṣe já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ wọn lẹ́nu nígbà tí wọ́n bá ṣì ń yí orúkọ sọ́tùn-ún sósì. Ibi tí wọ́n ti ń ṣàtúnṣe ara wọn ni òtítọ́ ti sábà máa ń jáde.

Àwọn àṣìṣe tí mo ń rí jù nínú ìjíròrò:

- Wíwá orúkọ kan ní ọ̀nà kan ṣoṣo. Lébẹ́ẹ̀lì kì í ní àmì ohùn, ẹni tó tẹ̀ ẹ́ sì lè má gbọ́ Yorùbá. Ẹ wá Ishola àti Isola, Sunny àti Sunday, ẹ wá orúkọ orin ní sísopọ̀ àti ní pípín.
- Kíkọ àmì ohùn sórí orúkọ orin láìgbọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ tí ẹ rò pé ọkọ̀ ni lè jẹ́ ọkọ tàbí ọkọ́. Ẹ kọ ti lébẹ́ẹ̀lì bó ṣe wà, kí ẹ tó kọ kíkà tiyín sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.
- "Ẹ̀dà kan ṣoṣo tó kù láyé nìyí." Kò sí ẹni tó ti wọ gbogbo ilé ní Ìjẹ̀bú. Ẹ sọ pé ẹ kò tíì rí òmíràn.
- Fífi iye tí ẹnì kan béèrè ṣe iye àwo. Iye tí ẹnì kan san gan-an ni ọjà. Lórí Discogs, ìkànnì tí wọ́n ti ń ra àwo tí wọ́n sì ń tà á, ẹ wo èyí tí wọ́n ti tà, ẹ má wo èyí tí wọ́n pàtẹ.
- Fífi àpò tí kì í ṣe tirẹ̀ jíròrò àwo. Àpò máa ń pààrọ̀ ara wọn níbi àríyá.

Ọ̀rọ̀ pínpín orin fún àwọn èèyàn nílò ìṣọ́ra. Lábẹ́ òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ Nàìjíríà ti 2022, ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní ààbò fún 50 ọdún lẹ́yìn tó jáde, ṣùgbọ́n orin tí èèyàn kọ ní ààbò fún 70 ọdún lẹ́yìn ikú ẹni tó kọ ọ́. Èyí túmọ̀ sí pé àwo 1965 lè ti kúrò lábẹ́ ààbò gẹ́gẹ́ bí ohùn, kí orin inú rẹ̀ ṣì wà lábẹ́ rẹ̀: Dairo kú ní 1996, Haruna Ishola ní 1983, nítorí náà orin tiwọn ṣì ní oníǹkan títí di òpin 2066 àti 2053. Òfin ilẹ̀ tí ẹ wà lè yàtọ̀ sí èyí. Àwòrán lébẹ́ẹ̀lì, àkọsílẹ̀ ohun tí ẹ kà, àti ìjúwe ohun tí ẹ gbọ́ kì í sábà dá wàhálà sílẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ gbé odidi orin síta, ẹ wá ìdílé olórin náà rí kí ẹ tó ṣe bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì mú ẹ̀dà tó mọ́ dání lọ fún wọn. Àwọn ọmọ olórin mìíràn wà tí kò ní àwo kan ṣoṣo bàbá wọn nílé.